Ó Jọ Ọ́, Kì Í Ṣe Òun: Àwọn Òrìṣà Gíríìkì àti ti Róòmù Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwọn Òrìṣà Wa

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó wà ní Pobè àti ní Sakété, ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ ń kọ sí ojú pátákó ní òwúrọ̀ ni ọjọ́ òní, ní èdè Faransé. Bí ó bá jẹ́ mardi, ọjọ́ Mars ni ó kọ, òrìṣà ogun àwọn ará Róòmù. Bí ó bá jẹ́ mercredi, ọjọ́ Mercurius ni. Jeudi jẹ́ ti Jupiter, vendredi sì jẹ́ ti Venus. Oṣù janvier ń jẹ́ orúkọ mọ́ Janus, òrìṣà ẹnu-ọ̀nà tí ó ní ojú méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Oṣù mars tún jẹ́ ti Mars. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ orúkọ àwọn òrìṣà wọ̀nyí sínú ìwé rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sì sí òbí tí ó ń bẹ̀rù pé ọmọ òun ti di abọ̀rìṣà.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá dìde tí ó ní òní ni Ọjọ́ Jàkúta, tàbí Ọjọ́ Ògún, tàbí Ọjọ́ Ifá, tàbí Ọjọ́ Ọbàtálá, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn baba wa fi ń ka ọrún, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ẹlòmíràn yóò ní ọ̀rọ̀ fétíṣì ni. Òrìṣà àwọn Gíríìkì àti ti àwọn ará Róòmù ń jẹ́ mythologie, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni; tiwa ń jẹ́ fétiche, wọ́n ní òkùnkùn ni. Ta ni ó pín orúkọ méjèèjì yìí? Kí ni ìfiwéra tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe láàárín òrìṣà wọn àti òrìṣà wa ti fún wa, kí ni ó sì ti gbà lọ́wọ́ wa? Ipa ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀.

Ìdílé orí òkè Olympus

Kí a tó fi nǹkan wé nǹkan, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fẹ́ fi wé. Lọ́wọ́ àwọn akéwì méjì, Homer àti Hesiod, ni a ti gba èyí tí ó lókìkí jù nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì. Hesiod sọ bí Kronos ṣe ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá wọn ṣe fi òkúta tí a wé sínú aṣọ rọ́pò Zeus. Àti bí Zeus ṣe dàgbà tí ó sì borí baba rẹ̀. Homer sọ bí àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta ṣe ṣẹ́ kèké láti pín ayé: ojú ọ̀run kan Zeus, òkun kan Poseidon, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí àwọn òkú ń gbé kan Hades. Ilẹ̀ ayé àti òkè Olympus, òkè gíga kan ní àríwá Gíríìsì tí ó ju mítà 2,900 lọ, ni wọ́n fi ṣe àjọni.

Kò sí ìwé mímọ́ kan ṣoṣo tí ó de gbogbo àwọn Gíríìkì pọ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní òrìṣà tí ó ń gbé ga ju àwọn yòókù lọ: Athena ni ti Athens, Hera ni ti Argos, Artemis ni ti Efesu. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé Ọ̀ṣun ni Òṣogbo ń bọ, pé Ògún ni Ìrè ń bọ, pé Ṣàngó kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn Ọ̀yọ́, yóò rí i pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn ará Róòmù pàdé àwọn Gíríìkì, wọ́n so òrìṣà tiwọn pọ̀ mọ́ òrìṣà àwọn wọ̀nyí, wọ́n sì yá àwọn ìtàn wọn lò. Wọ́n ní Zeus ni Jupiter, Hera ni Juno, Poseidon ni Neptunus, Hermes ni Mercurius, Ares ni Mars, Hephaistos ni Vulcanus.

Ó rọrùn kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Zeus ni ó ni àrá, Ṣàngó ni ó ni àrá. Hephaistos ń rọ irin, Ògún ni olú irin. Hermes ń jíṣẹ́ láàárín àwọn òrìṣà àti ènìyàn, ó ń gbé ní oríta àti ní ẹnu-ọ̀nà, òkúta ni wọ́n fi ń sàmì sí ibùjókòó rẹ̀, ọjà àti òwò sì wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ta ni kò ní rántí Èṣù àti yangí rẹ̀? Àwọn ọba àti àwọn ìlú Gíríìkì ń lọ sí Delphi láti béèrè ọ̀la lọ́wọ́ Apollo, bí àwọn tiwa ṣe ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo.

Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ọ̀nà á pín. Ìtàn wa sọ pé Ṣàngó jẹ ọba ní Ọ̀yọ́ kí ó tó di òrìṣà. Zeus kò ṣe ènìyàn rí. Hephaistos jẹ́ arọ, wọ́n jù ú sílẹ̀ láti orí Olympus, àwọn òrìṣà yòókù sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ta ni ó jẹ́ fi Ògún ṣe ẹlẹ́yà, Ògún tí ó la ọ̀nà fún àwọn òrìṣà, tí a ń fi irin rẹ̀ búra? Hermes ni ó ń mú àwọn òkú lọ sí ọ̀dọ̀ Hades, èyí kì í ṣe iṣẹ́ Èṣù. Èṣù ni ó ń ṣọ́ ẹbọ tí ó sì ń gbé e dé ibi tí ó yẹ, èyí kì í ṣe iṣẹ́ Hermes. Ní Delphi, ẹnu obìnrin abọrẹ̀ kan ni Apollo ń gbà sọ̀rọ̀, ní ibi kan ṣoṣo. Ifá wà nínú orí babaláwo, pẹ̀lú odù 256 àti àwọn ẹsẹ̀ wọn, ibi gbogbo tí ó bá dé ni ó lè dá a. Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òrìṣà Gaul

Àwọn ará Róòmù kò dá fífi orúkọ òrìṣà wọn lórí òrìṣà ẹlòmíràn dúró lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Ilẹ̀ gbogbo tí wọ́n ṣẹ́gun ni wọ́n ti ṣe é, òǹkọ̀wé wọn Tacitus sì fún un ní orúkọ nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 98 nípa àwọn ará Germania: interpretatio romana, èyíinì ni ìtumọ̀ lọ́nà ti Róòmù. Kò sí ibi tí àbájáde rẹ̀ ti kan àwa tí a ń ka Faransé tó ilẹ̀ Gaul, ilẹ̀ tí ó di Faransé lónìí.

Julius Caesar bẹ̀rẹ̀ ogun rẹ̀ ní Gaul ní ọdún 58 ṣáájú ìbí Jésù. Nínú ìwé kẹfà ìròyìn ogun rẹ̀, ó sọ òrìṣà tí àwọn ará Gaul ń bọ. Ó ní Mercurius ni wọ́n ń bọ jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Apollo, Mars, Jupiter àti Minerva. Nínú gbogbo àwọn márùn-ún yìí, kò dárúkọ ọ̀kan bí àwọn tí ó ń bọ ọ́ ṣe ń pè é. Ó fi orúkọ ilé rẹ̀ bo orúkọ ilé onílé.

Ní ọdún 1711, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris, wọ́n rí òkúta tí àwọn atukọ̀ odò Seine gbé kalẹ̀ ní ayé Tiberius, ọba Róòmù. Orúkọ Jupiter àti Vulcanus wà lára rẹ̀. Orúkọ àwọn òrìṣà Gaul náà wà níbẹ̀, Cernunnos tí ó ní ìwo lórí, àti Esus tí ó ń gé igi. A rí orúkọ, a rí àwòrán, ṣùgbọ́n ìtàn kò sí. Caesar fúnra rẹ̀ sọ ìdí: àwọn druide, àwọn àlùfáà Gaul, kì í kọ ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀, àkọ́sórí ni, ó sì lè gba ọmọ ẹ̀kọ́ ní ogún ọdún. Nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sórí kú tán, tí àwọn ọmọ wọn sì ti ń sọ èdè Róòmù, kò sí ẹni tí yóò sọ ohun tí Cernunnos ṣe.

N óò fi ìkìlọ̀ kan sí i fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ Esus lè tètè fò sókè pé Èṣù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìró méjì tí ó jọra kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá kan náà, bí orúkọ ènìyàn méjì tí ó jọra kò ṣe sọ wọ́n di ará ilé kan. Irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ni a ó rí láìpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba ọ̀nà òkun wá

Ibo ni ọ̀rọ̀ fétiche ti wá? Àwọn Pọtogí tí ó ń bá etíkun Áfíríkà ṣòwò ni wọ́n ń pe ère àti oògùn tí wọ́n rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní feitiço. Inú èdè Látìnì ni feitiço ti jáde, láti ara facticius, tí ó túmọ̀ sí ohun tí a fi ọwọ́ ṣe. Èdè àwọn tí ó ń gbẹ́ ère Jupiter ni wọ́n fi bú àwọn tí ó ń gbẹ́ ère Ṣàngó.

Ní ọdún 1760, Charles de Brosses, ọmọ Faransé kan, tẹ ìwé kan jáde lórí ìjọsìn àwọn òrìṣà fétiche, níbi tí ó ti fi ẹ̀sìn Íjíbítì àtijọ́ wé ti àwọn ènìyàn dúdú. Láti ìgbà náà ni fétichisme ti di orúkọ fún ẹ̀sìn tí wọ́n ní ó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wo ohun tí ó wà ní ilẹ̀ de Brosses fúnra rẹ̀ ní àkókò yẹn. Ní Versailles, nínú ọgbà ọba, Apollo wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ láàárín omi, nítorí pé Louis kẹrìnlá fi ara rẹ̀ wé oòrùn tí Apollo ń darí. Kò sí ẹni tí ó pe ère wọ̀nyẹn ní fétiche. Ọ̀nà ni, ẹwà ni, ẹ̀kọ́ ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ère méjèèjì kò sí nínú igi tàbí nínú òkúta. Ọwọ́ ẹni tí ó ń fún wọn ní orúkọ ni ó wà.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ wọ inú Bíbélì Yorùbá pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ dé ibi tí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ti sọ pé àwọn ará Lístírà pe Bánábà ní Jupiter, wọn kò fi Ṣàngó rọ́pò rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí orúkọ àjèjì náà dúró bí àjèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni wọ́n mú láti ilé wa fi túmọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti gbàgbé Èṣù olùṣọ́ ẹbọ àti oríta, tí wọn kò mọ ẹlòmíràn mọ́ ju ẹni ibi lọ.

Ó yẹ kí a fi òótọ́ sí i pé kì í ṣe gbogbo aláwọ̀ funfun ni ó rìn ní ọ̀nà de Brosses. Pierre Verger, tí a bí ní Paris ní ọdún 1902, di ọmọ awo ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ìwé rẹ̀ lórí bíbọ òrìṣà àti vodun jáde ní Dakar ní ọdún 1957. Nínú àkọlé rẹ̀, òrìṣà ni ó pe òrìṣà. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tó ọdún 200 tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ fi kọ̀ láti ṣe é.

Frobenius ní igbó Olókun

Ìfiwéra tí ó le jù lọ nínú gbogbo wọn ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, orísun wa. Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì tí ó ń rìn káàkiri Áfíríkà tí ó ń kó nǹkan jọ fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, dé ìlú náà. Ní igbó Olókun, ó rí orí kan tí a fi idẹ rọ, tí adé wà lórí rẹ̀, tí ẹwà rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó san owó lé e, ó sì fẹ́ gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ níwájú aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba orí náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí wọn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé tí ó kọ. Nínú Und Afrika sprach, tí ó jáde ní ọdún 1912, ó kéde pé òun ti rí Atlantis, erékùṣù tí Plato, amòye Gíríìkì, sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù. Plato ní erékùṣù yìí wà ní òde ẹnu òkun Gíríìkì, pé Poseidon ni ó ni ín, pé omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Frobenius ní ilẹ̀ Yorùbá ni. Olókun ni Poseidon. Àwọn ará òkun Mẹditaréníà ni wọ́n gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wá, àwọn tí òun bá ní Ifẹ̀ kò sì yẹ ní ajogún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú èrò yìí wò bí a ti ń tú ìṣirò wò. Orí yìí lẹ́wà. Ohun tí ó bá lẹ́wà báyìí, ti Gíríìkì ni. Nítorí náà, kì í ṣe ti Yorùbá. Àárín gbùngbùn ìṣirò náà ni ó ti bàjẹ́, nítorí kò sí ẹ̀rí kankan níbẹ̀ ju ohun tí Frobenius gbé wá láti ilé rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ dá a lóhùn. Ní ọdún 1938, àwọn tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin, hú ọ̀pọ̀ orí idẹ mìíràn jáde. Àwọn onímọ̀ fi irú iṣẹ́ wọ̀nyí sí àárín ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ní àkókò yẹn, ó ti lé ní ọdún 700 tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé òrìṣà Poseidon. Ta ni ì bá wá láti Gíríìsì wá kọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún Poseidon mọ́?

Igbó Olókun náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé ibẹ̀ ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń yọ́ dígí tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó jẹ́ ọlá ọba àti ọrọ̀ ìlú. Poseidon ni òrìṣà omi òkun, ìsẹ̀lẹ̀ àti ẹṣin. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Olókun ni aláṣẹ òkun tí ó tún jẹ́ oní-ọrọ̀, oní-ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ibẹ̀ ní igbó Poseidon ti fi orúkọ yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí orúkọ Olókun ì bá ṣí fún un. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ kò gbéraga tó àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ wọn. Homer sọ pé Zeus àti àwọn òrìṣà yòókù máa ń lọ jẹ àsè ní ilẹ̀ àwọn Etiópíà, àwọn aláwọ̀ dúdú. Herodotus, baba òpìtàn wọn, kọ ọ́ pé láti Íjíbítì ni orúkọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú òrìṣà Gíríìkì ti wá. Xenophanes, ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù, sì ti ṣàkíyèsí pé olúkúlùkù ènìyàn ni ó ń ya òrìṣà rẹ̀ ní àwòrán ara rẹ̀: ti àwọn Etiópíà dúdú, ti àwọn ará Thrace ní irun pupa. Ká ní Frobenius ka Xenophanes dáadáa ni, ì bá ti mọ̀ pé ojú ara rẹ̀ ni òun ń wá nínú idẹ Ifẹ̀.

Èsì láti orí ìtàgé

Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Ilé-Ifẹ̀ gbé eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, jáde. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Orí Olókun. Orí tí Frobenius fẹ́ gbé lọ, tí ó ní Gíríìkì ni, ni ó di orúkọ àwọn Yorùbá tí ó mú ìtàn Gíríìkì wá sílé láti fi sọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Ìtàn Oidipous ni Rótìmí mú, ti Sophocles: ọmọ tí àyànmọ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa baba rẹ̀ kí ó sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré Gíríìkì, oríta ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, lórí ẹni tí yóò yà fún ẹnìkejì lójú ọ̀nà. Nínú ti Rótìmí, oko iṣu ni, èébú tí àgbàlagbà náà bú ìran ọ̀dọ́kùnrin náà ni ó sì fa ikú. Ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà nígbà náà, ohun tí ẹ̀yà ń sọ sí ẹ̀yà sì ń pa ènìyàn. Rótìmí ya ìtàn, kò ya òrìṣà. Odù àti àyànmọ́ ni ó fi rọ́pò Delphi, eré náà sì di ti Yorùbá.

Wọlé Ṣóyínká gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àròkọ kan tí ó jáde ní ọdún 1969, ó wá ẹni tí ó lè fi Ògún wé láàárín àwọn ará Olympus. Ó mú Dionysos, ó fi Apollo kún un, ó tún fi Prometheus tí ó jí iná fún ènìyàn kún un. Ẹ kíyè sí i: ẹni mẹ́ta ni ó gbà kí ó tó lè júwe Ògún kan fún etí àwọn ará Yúróòpù. Ìfiwéra tí kò bo nǹkan mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1973, National Theatre ti London ṣe eré rẹ̀ tí ó gbé ka Bacchae ti Euripides, ó sì mú àwọn ẹrú wọ inú agbo eré, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ tí a ti kó ẹrú mọ ìdí tí òrìṣà òmìnira fi lè ní ọmọ-ẹ̀yìn láàárín wọn. Ní ọdún 2004, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan fi eré Euripides lórí àwọn obìnrin Troy sọ ìtàn àwọn obìnrin Òwu, ìlú tí ogun fọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bẹ̀rù Gíríìkì, wọn kò sì tẹrí ba fún un. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àwọn wọ̀nyí dé oko náà, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì padà wálé.

Ilé tí a tì, ilé tí ó ṣí sílẹ̀

Ìyàtọ̀ kan ṣì wà tí ó tóbi ju gbogbo èyí tí mo ti kà lọ. Ní ọdún 391 àti 392, Theodosius, ọba Róòmù tí ó jẹ́ Kristẹni, ṣe òfin tí ó ka ẹbọ léèwọ̀ tí ó sì ti àwọn ilé òrìṣà pa. Láti ìgbà náà ni Zeus àti Jupiter ti ń di ohun inú ìwé díẹ̀díẹ̀. A ń pè wọ́n ní mythologie nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bínú mọ́. Ó rọrùn láti bu ọlá fún òrìṣà tí kò lè béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni.

Òrìṣà tiwa kò tíì di ohun inú ìwé. Ní Benin, òfin ọdún 1997 ya ọjọ́ 10 oṣù kìíní sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Benin, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni, gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Ní 2008 ó wọ inú àkọsílẹ̀ ogún ìran ènìyàn. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ẹnìkejì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Olympus? Ní Athens, àwọn ọkùnrin ń fi agọ̀ sójú, wọ́n ń ṣe bí obìnrin lórí ìtàgé ní ọjọ́ ọdún Dionysos, ó sì jọ ti wa. Ṣùgbọ́n ìdíje ni tiwọn, akéwì tí ó bá peregedé gba ẹ̀bùn. Ìtùnú àwọn ìyá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. A ń jó o kí àwọn ìyá wa lè yọ́nú sí ìlú, kí àgàn lè bímọ, kí òjò lè rọ̀. Orin ẹ̀fẹ̀ ní òru sì ń wí fún olówó àti fún olóyè ohun tí kò sí ẹni tí ó lè wí fún wọn ní ojúmọmọ. Kò sí orúkọ Gíríìkì kan tí ó lè gba gbogbo èyí. Ibi tí ìfiwéra bá ti pin ni òye tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ ìtàn Gíríìkì àti ti Róòmù, kí ẹ sì kọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè ka ewì Faransé já, kò sì lè mọ ìgbà tí Frobenius mìíràn bá tún dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ní èdè Faransé, ẹ jẹ́ kí Èṣù máa jẹ́ Èṣù. Ẹ má kọ diable. Ẹ jẹ́ kí Olókun máa jẹ́ Olókun. Bí ẹ bá fẹ́ kí àlejò tètè mọ ẹni tí ẹ ń sọ, ẹ lè kọ comme Hermès, comme Poséidon. Ẹ má ṣe kọ c'est. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì yìí, comme àti c'est, ni gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó ń júwe ilé onílé àti ẹni tí ó ń kó wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ wa kọjá ti ilé-ẹ̀kọ́. Ní Ahoyéyé, ní Pobè, ní Sakété àti ní gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká, oríkì àti ìtàn òrìṣà ṣì wà ní ẹnu àwọn àgbà. Kí a lọ bá wọn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, kí a gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí a kọ èyí tí wọ́n bá fún wa sílẹ̀ ní ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, kí a sì fi ohun awo sílẹ̀ fún awo. Orúkọ ni kí a kọ́kọ́ kọ, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Kí ìtumọ̀ Faransé tó tẹ̀lé e. Àwọn ará Gaul ní ẹni tí ó mọ ìtàn Cernunnos sórí nígbà kan rí. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè kí ó tó kú. Tiwa ṣì jókòó sí ìta gbangba ní ìrọ̀lẹ́, ó ń retí ẹni tí yóò béèrè.